Orí Símẹ́ńtì Ìsákòkó Là Ń Pàgọ́ Sí

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ pé èmi àti ọkọ mi máa ń lọ pàgọ́ sùn sí oko, ńṣe ló máa wò mí láti òkè délẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Àwọn tó bá láyà láti sọ ọ́ síta á ní, "Pẹ̀lú bó ṣe wà yẹn?" Ìyá ọkọ mi ní tiẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: "Ìyàwó mi, ṣé yàrá ti tán ní Àkúrẹ́ ni?" Yàrá kò tán, Màmá. Ilé wa ní Òkè-Àró ní fáànù, ó ní omi ẹ̀rọ, a sì ti ní kí kápẹ́ńtà fẹ gbogbo ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni oko bàbá ọkọ mi.

Ọkọ mi kì í rìn. Ní 2016, jàǹbá ọkọ̀ ṣe é lójú ọ̀nà Iléṣà, ó sì ba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ níbi tí àwọn dókítà ń pè ní T10, ìyẹn egungun kẹwàá nínú àwọn egungun ẹ̀yìn tó wà ní apá àyà. Láti ìdodo lọ sísàlẹ̀, kò mọ gbígbóná, kò mọ tútù, èèrà lè máa bù ú jẹ láti alẹ́ dòwúrọ̀ kó má mọ̀. Láti ìdodo sókè ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó wá bá a figagbága lórí tábìlì. Ó ń wa kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn fúnra rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó sì ti ka gbogbo ohun tí mo kọ síbí kí n tó gbé e jáde. Ó ní kí n má fi ọ̀rọ̀ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ pamọ́, torí òun gan-an ni àwọn tó wà nírú ipò òun fẹ́ mọ̀ tí wọn ò rí ẹni bi.

Ọmọ Ìdànrè ni. Abẹ́ kòkó ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó mọ ìgbà tí wọ́n ń fọ́ kòkó, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan, ó mọ bí wọ́n ṣe ń rò ó káàkiri lójú oòrùn kó má baà bu. Èmi ní tèmi, ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba ni wọ́n bí mi sí, igbó tí mo mọ̀ kò ju ti ẹ̀yìn ilé ìwé wa lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, màá padà sórí rẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn wa gbà pé òkè ló yẹ ká máa lọ. Ta ló máa dárúkọ Ìdànrè tí kò ní sọ̀rọ̀ òkè? Láti 2007 ló ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé, orí rẹ̀ náà sì ni àwọn baba ńlá ọkọ mi gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ti wá bá a rí pé àwọn á jọ gbé e dókè. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn dáadáa, ó wá ní, "Mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi gun òkè yẹn rí. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbé mi gùn ún bí àpò kòkó." Mo rí i lójú àwọn ọmọ náà pé ó dùn wọ́n díẹ̀. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí ìyẹn. Bí ọyẹ́ kò bá bo òkè náà, à ń rí i láti inú oko wa ní kùtùkùtù, ó sì tó wa.

Ilé ìtura la kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Kẹ̀kẹ́ ọkọ mi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 66 láti etí táyà kan dé èkejì. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ tó wà ní yàrá tí wọ́n fún wa kò ju 60 lọ. Mi ò dárúkọ ilé ìtura náà o. Máníjà wọn ní ká má bínú, pé àwọn á bá wa pọn omi sínú bàsíà wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òfin tó dá ààbò bo àwọn àkàndá ẹ̀dá, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2019, fún àwọn tó ni ilé tí gbogbo ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún un ṣe kí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ lè ráyè wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé láti 2024. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fẹ òkè, ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ lásán là ń wí. Inú ọkọ̀ la wà, tí à ń padà bọ̀ sí Àkúrẹ́, nígbà tí ọkọ mi sọ pé, "Àgọ́ kò ṣáà ní férémù ìlẹ̀kùn." Bí ọ̀rọ̀ àgọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti símẹ́ńtì, torí òun ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́, ilẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wò. Igi tó lẹ́wà àti odò tó ń ṣàn á wá dúró de ìgbà tó bá ráyè. Koríko máa ń lọ́ mọ́ táyà kékeré tó wà níwájú. Iyanrìn máa ń gbé e mì. Abẹ́ kòkó gan-an, tí ewé ti bò rẹ́múrẹ́mú tí ojú ń rí bí ẹní, gbòǹgbò ló kún abẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo oko kòkó, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n dìídì ṣe kó tẹ́jú, kó dán, kó sì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ kí omi má baà dúró lórí rẹ̀: símẹ́ńtì tí wọ́n ń sá kòkó sí. Wọ́n ti gé igi tó yí i ká kí oòrùn lè bà á, nítorí náà kò sí ẹ̀ka tó máa já lu àgọ́. Tiwa gùn ju ilé wa lọ. Bàbá ọkọ mi ló dà á nígbà tí owó kòkó dára, orúkọ rẹ̀ ṣì wà ní igun kan níbi tó ti fi igi kọ ọ́ kó tó gbẹ. Ọkọ mi lè yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti igun yẹn dé igun kejì láìsí ẹni tó ń tì í lẹ́yìn. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́, lọ bọ̀, lọ bọ̀, kò kúkú ń lọ síbì kankan.

Ìgbà tí símẹ́ńtì bá ṣófo nìkan la lè lọ. Láti nǹkan bí oṣù Ọ̀wàrà títí wọ Ṣẹ́rẹ́, kòkó ló ni ín, mi ò sì ní ojú tí màá fi sọ fún ẹni tó ń jẹun nídìí rẹ̀ pé kó palẹ̀ mọ́ torí pé èmi àti ọkọ mi fẹ́ wá wo ìràwọ̀. Oṣù Èrèlé ló bá wa mu. Ìkórè ńlá ti lọ, òjò kò tíì múlẹ̀, atẹ́gùn ọyẹ́ ṣì kù díẹ̀ lóru.

Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí nípa àwọn ajínigbé. Ẹni tí kò lè sáré kì í lọ pàgọ́ sí igbó kìjikìji. Oko wa kò jìnnà sí àwọn ilé, à ń gbọ́ ìgbà tí wọ́n bá ń gúnyán. Ọkùnrin Ìgbìrà tó ń bá wa ṣe oko náà, tí a jọ ń pín èrè rẹ̀ sí ìdá mẹ́ta, là ń pè ṣáájú, òun ló ń bá àwọn ọdẹ àti àwọn Àmọ̀tẹ́kùn sọ̀rọ̀. Tó bá ní ká má tíì wá, a ò lọ nìyẹn. Ọkọ̀ máa ń kọ ojú sí ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì máa ń wà lọ́rùn mi títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ìrìn náà kò gùn, Àkúrẹ́ sí Ìdànrè kò ju nǹkan bí kìlómítà 25 lọ. Sienna tí ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń fà gbọọrọ la fi ń lọ, òun ló rọrùn jù fún kẹ̀kẹ́. Aládé la ti máa ń dúró ra bọ̀ọ̀lì, ibẹ̀ sì ni nǹkan ẹ̀rín yìí ti ṣẹlẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá obìnrin tó ń sun ún, ọkọ mi jókòó sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń na ẹ̀yìn. Bàbá kan tó wọ agbádá kọjá, ó tú owó jáde, ó fi ẹgbẹ̀rún kan náírà sórí itan rẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run á gbé ọ dìde." Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ. Ọkọ mi ní, "Àmín, ẹ ṣeun, Bàbá," ó pe obìnrin oníbọ̀ọ̀lì, ó ní kó fi ẹgbẹ̀rún kan kún un. Bọ̀ọ̀lì àánú la jẹ dé oko. Ó ní òun ti bá àwọn èèyàn ṣàlàyé tó láyé òun, ebi ló ń pa òun lọ́jọ́ yẹn.

Láti ibi tí ọkọ̀ dúró sí dé orí símẹ́ńtì niṣẹ́ wà. Ojú ẹsẹ̀ lásán ni. Ẹ má ti kẹ̀kẹ́ síwájú lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: táyà kékeré méjèèjì á rì, ẹni tó wà lórí rẹ̀ á sì fojú lélẹ̀. Ẹ yí i padà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn díẹ̀ kí táyà kékeré kúrò nílẹ̀, kí ẹ wá fi àwọn táyà ńlá fà á lọ ní ẹ̀yìn-ẹ̀yìn. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò oko náà kì í jẹ́ kí n dá a ṣe, Ọlọ́run á bù kún wọn. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ tí wọn ò bá béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó ń ba èèyàn lẹ́rù ju òkúta lọ. Ọ̀kan nínú wọn sáré wá, ó fi gbogbo agbára gbá ibi ìgbápálé kẹ̀kẹ́ mú. Wọ́n ṣe ibẹ̀ kó lè máa yọ ni, kí ọkọ mi lè ráyè sún kọjá sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó sì yọ. Ọmọ náà dúró pẹ̀lú irin lọ́wọ́, ọkọ mi ti dì mọ́ igi kòkó, kòkó tútù kan já bọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ kó tó ka òfin rẹ̀ fún wọn: "Férémù ìsàlẹ̀ yìí lẹ máa dì mú. Ẹ má fọwọ́ kan ibi ìgbápálé. Èmi ni màá máa kà, tí mo bá dé ẹ̀ta, ẹ gbé." Tíṣà ìṣirò kò ṣáà ní ṣe kó má kà.

Nínú àgọ́, bẹ́ẹ̀dì ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó bá ní kí ọkọ mi sùn sórí ẹní nílẹ̀, ṣé ó máa bá mi gbé e dìde láàárọ̀? Kápẹ́ńtà kan ní Arákálẹ̀ kan bẹ́ẹ̀dì pákó tó ń ká fún wa, tó ga dọ́gba pẹ̀lú ìjókòó kẹ̀kẹ́, àti pátákó dídán kan tó ń fi ṣe afárá láàárín méjèèjì. Ìdí ló fi ń sún kọjá, èmi á kàn di ẹsẹ̀ mú tẹ̀lé e. Fóòmù tó ń sùn lé nílé náà là ń gbé lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ kò mọ ìrora kò lè mọ̀ pé ibi kan ti ń wọ òun, bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ péré ni egbò ìdùbúlẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀, kó sì gba oṣù mélòó kan kó tó jinná. Lọ́sàn-án, ó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ara rẹ̀ sókè lórí kẹ̀kẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín wákàtí kan kí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn. Lóru, mo máa ń jí yí i padà.

Láàárọ̀, kó tó wọ ṣòkòtò, mo máa ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ìdí rẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ àti ìbàdí rẹ̀. Àwọn ìwé tí wọ́n fún wa ní ọsibítù ní ká máa wá ibi tó bá pọ́n. Ara aláwọ̀ dúdú kì í tètè pọ́n o! Ohun tí nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan kọ́ mi ni kí n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án: ibi tó bá gbóná ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tàbí tó le, tàbí tó dúdú ju bó ṣe wà lánàá, ibẹ̀ ni wàhálà wà, kò sì gbọ́dọ̀ jókòó lé e títí ó fi máa lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìtọ̀. Ọkọ mi kì í mọ̀ ìgbà tí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́n, nítorí náà aago ló ń tẹ̀ lé: láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, ó máa ń ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ojú ara rẹ̀, ìtọ̀ á ṣàn tán, yóò yọ ọ́. Òun ló ń ṣe é fúnra rẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ ní oko ni ọwọ́ tó mọ́, omi tó mọ́, ọṣẹ, tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́ orí, àti kí gbogbo èèyàn bá tiwọn lọ. Kẹ́ẹ̀gì omi kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bù fi se ọbẹ̀, mo ti fi péńtì pupa kùn ún. Kì í dín omi mímu kù nítorí pé a wà lóko. Àwọn míì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má baà tọ̀, àìsàn ìtọ̀ ló sì máa ń gbé wọn padà sílé.

Ìgbẹ́ náà ní ọjọ́ àti àkókò tiẹ̀, a kì í jẹ́ kí ìrìn àjò yí i padà. Àga pákó tí wọ́n gbẹ́ ihò sí láàárín ni, a gbé e lé orí kòtò tí Ayọ̀, ọmọkùnrin wa, gbẹ́ sẹ́bàá símẹ́ńtì, a fi tápólì yí i ká. Etí ihò náà la fi fóòmù àti rọ́bà wé tó nípọn. Pákó tó bá ṣẹ́ku díẹ̀ kò ní dun ọkọ mi, ó kàn máa gé e lára ni. Mo ti kọ ọ́ o, Bàbá Ayọ̀, ṣé inú yín ti dùn?

Mo ní màá padà sórí ọ̀rọ̀ igbó. Ní Àkúrẹ́, èmi ni ọ̀gá. Èmi ni mo mọ aago òògùn, èmi ni mò ń bá àwọn dókítà jiyàn, àwọn èèyàn tiẹ̀ máa ń dúró níwájú rẹ̀ tí wọ́n á kọjú sí mi pé, "Ṣé wọ́n á jẹun?" Ẹnu rẹ̀ wà níbẹ̀ o. Ọjọ́ mìíràn mo máa ń dáhùn kí n tó rántí pé èmi kọ́ ni ebi ń pa. Tí a bá ti dé oko, gbogbo rẹ̀ á dojú dé. Ọkùnrin Ìgbìrà yẹn kì í wo ojú mi rárá. Ọ̀dọ̀ ọkọ mi ló máa gbé kòkó tó dúdú lára lọ, wọ́n á jọ máa yí i wò, ọkọ mi á ní, "Ẹ̀gbẹ́ odò lo ti ká èyí, àbí? Gé ẹ̀ka tó bo ibẹ̀, jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Kí o kó gbogbo èyí tó ti bàjẹ́ kúrò lórí igi, má fi ọ̀kankan sílẹ̀." Ọkùnrin náà á ní, "Yes, Ọ̀gá." Èmi? Èmi ni wọ́n ń rán níṣẹ́.

Ẹ wá wo bó ṣe ń dáná. Ó máa ń jókòó jìnnà sí ààrò ju bí àwa yòókù ṣe ń jókòó lọ, bàtà lẹ́sẹ̀, ṣòkòtò tó nípọn nídìí, torí ẹsẹ̀ tí kò mọ iná lè jó kó máa bá ìtàn lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ni igi gígùn kan wà. Mo bá gbé ẹ̀ka kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé wá. Ó fi igi náà kàn án, ó ní, "Ìyẹn á sunkún, kò ní jó." Mo lọ wá òmíràn. "Ìyẹn ti jẹra." Mo wá a lọ, mo wá a bọ̀, ó wá ní kí n wo ẹ̀yìn ahéré, pé igi tí bàbá òun máa ń tò síbẹ̀ kò ní ṣàì kù. Ó kù lóòótọ́. Ó fi igi ọwọ́ rẹ̀ tò wọ́n láti orí kẹ̀kẹ́, ó ti èyí sọ́tùn-ún, ó fa tọ̀hún sókè, ó ní kí Ayọ̀ ṣáná sí i lábẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbà. Iṣu tó sun lọ́jọ́ náà, òun ló ń yí i padà títí ó fi jinná, kò jẹ́ kí ẹnì kankan fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbé iṣu gbígbóná lé e lórí itan o, abọ́ tàbí ìkòkò náà kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nírú ipò rẹ̀ ti ń jóná nìyẹn.

Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, inú agolo mílíìkì la ń kì í bọ̀, a ó da kẹrosíìnì díẹ̀ sí agolo náà nítorí ìjàlọ àti tanpẹ́pẹ́. Èèyàn kan ní ká da eérú yí i ká. Ọkọ mi ní eérú tó wà ní oko kòkó, ti èèpo kòkó ni, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, tí omi bá kàn án, ó ń bó èèyàn lára. Tí ẹsẹ̀ òun bá já bọ́ sínú rẹ̀ lóru, ta ló máa sọ fún òun?

Alẹ́ wá lé, wọ́n pa tọ́ọ̀ṣì. Nǹkan kan ké nínú igbó. Kì í ṣe igbe kékeré o: ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń gòkè, ó ń gòkè, títí ó fi di igbe ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Mo ti di kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mú. Mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì ń mì, ẹ̀rín ló ń pa ọkọ mi. "Òwàwà ni. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju ehoro lọ. Ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun wà lórí igi." Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ jẹ́ẹ́. Ó ní, "Ìwọ náà ń sọ tìrẹ jẹ́ẹ́ bí?" Ẹni tí mò ń yí padà lóru kí ara rẹ̀ má bó, òun ló di ọwọ́ mi mú títí mo fi sùn.

Ti òjò ló kù. Lórí símẹ́ńtì, ìṣó àgọ́ kò lè wọlẹ̀, búlọ́ọ̀kù àti àpò tí a rọ iyanrìn sí la fi ń so okùn rẹ̀. Mo fẹ́ kó wà láàárín gbùngbùn, kó lẹ́wà. Ọkọ mi ní kí a gbé e lọ sí òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí orúkọ bàbá rẹ̀ wà. Ó ní atẹ́gùn ti yí padà láti ìrọ̀lẹ́, àwọn èèrà sì ń kó ẹyin wọn gòkè. Lójú tèmi, ọ̀run mọ́ kedere, oṣù Èrèlé sì nìyẹn. A gbé e. Nígbà tó di òru, òjò tí kò yẹ kó tíì rọ̀ ya lulẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ìsàlẹ̀: omi ń ṣàn kọjá gba ibi tí mo fẹ́ kí àgọ́ wà, ó gbé bàtà Ayọ̀ lọ. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa gbẹ. Bàbá ọkọ mi ló ti fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ símẹ́ńtì náà ṣètò ibi tí omi máa gbà, ọmọ rẹ̀ sì rántí. Aṣọ ìbora kejì ni mo kàn yára fà bo ẹsẹ̀ ọkọ mi, torí ẹsẹ̀ náà kì í gbọ̀n tí òtútù bá mú un, ńṣe ló kàn máa tutù lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sán ni ti ooru, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í làágùn bó ṣe yẹ, abẹ́ igi ló máa ń wà pẹ̀lú táwẹ́lì tútù lọ́rùn. A sì máa ń fi aṣọ bo irin kẹ̀kẹ́ kí oòrùn má yan án.

Tí ọgbẹ́ ẹ̀yìn ẹni yín bá ga ju ti ọkọ mi lọ, tó bá jẹ́ ní T6, ìyẹn egungun kẹfà, tàbí lókè rẹ̀, nǹkan kan wà tó gbọ́dọ̀ yé yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ìtọ̀ tó kún jù, ìgbẹ́ tó há, ṣòkòtò tó fún, tàbí egbò lásán lè mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru sókè lójijì. Orí á máa fọ́ ọ gan-an, ojú rẹ̀ á máa làágùn. Ẹ má dá a dùbúlẹ̀. Ẹ gbé e jókòó ṣánṣán, ẹ tú gbogbo ohun tó fún un, ẹ wo ìtọ̀ rẹ̀ kíákíá, tí kò bá sì lọ lójú ẹsẹ̀, ọsibítù ni. Ẹ ṣàlàyé fún wọn níbẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo dókítà ló ti rí i rí.

A kì í lọ tí egbò bá wà lára rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. A kì í lọ tí ìtọ̀ rẹ̀ bá ń rùn tàbí tí ara rẹ̀ bá gbóná. Ọdún kan wà tí oṣù Èrèlé kọjá lórí wa bẹ́ẹ̀ nílé, ó ń bínú, èmi náà ń bínú, a ò rí ẹni bá jà.

Ìyá ọkọ mi ti gbọ́ ìtàn òjò náà lẹ́nu Ayọ̀. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá béèrè bóyá orúkọ ọkọ wọn ṣì hàn dáadáa lórí símẹ́ńtì yẹn. Mo ní ó hàn. Wọ́n ti ní àwọn náà ń bá wa lọ ní ọdún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kí n tètè lọ bá kápẹ́ńtà Arákálẹ̀, torí pé àwọn ò lè sùn nílẹ̀, àwọn ò sì ní bá ẹnikẹ́ni lo àga oníhò.